Ẹ̀rọ Òòfà àti Orí Àbúrò Mi

Gààrí tó jóná ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó ń ṣe àbúrò mi kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń yan gààrí. Ó lè máa yan án kó máa bá ènìyàn mẹ́ta jà lẹ́ẹ̀kan náà, gààrí yẹn kò sì ní pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ rẹ̀ bá a nínú àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ṣakẹ́tẹ́, ó jókòó ti agbada, èéfín ń rú bò ó, igbá tó fi ń rò ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sókè, kò sọ ọ́ sílẹ̀. Kò sùn. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wo gààrí bó ṣe ń di èédú.

Ọkọ rẹ̀ pè mí. Ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́; àwọn ọmọ ọ̀pẹ tí kò tíì tó gbìn ni mò ń tọ́jú, mò ń bomi rin wọ́n, mò ń tu koríko ìdí wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì, ó di Ṣakẹ́tẹ́. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé e jókòó sórí ẹní.

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n.”

“Gààrí ńkọ́?”

“Mo rí i.”

Inú bí mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni rere ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú, bàbá wa sì ti kú, nítorí náà mo gbà pé èmi ni bàbá, mo sì bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ ilé ìwé wí. Mo ní ṣé ó mọ iye ènìyàn tó ń wá ohun tí wọn yóò jẹ ni? Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n má bínú. Ohùn tó fi bẹ̀ mí dà bí ohùn tí a fi ń dá ẹni tí a kò mọ̀ lóhùn lójú ọ̀nà.

Ọdún kan gbáko ló tẹ̀ lé ìyẹn. Kò jẹun àfi bí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu. Kò wẹ̀ àfi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá fa á lọ́wọ́ dé balùwẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Àwọn ará àdúgbò ní ayé ni. Ìjọ ìyá mi ní Pobẹ̀ gba ààwẹ̀, àwọn àáfà àdúgbò ọkọ rẹ̀ ṣàdúrà, ẹnì kan wá láti Àgìdì tó ní kí wọ́n má jẹ́ kí omi kan ojú rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn tó mọ ohun tó ń ṣe é pọ̀ ju àwọn tó wá fọ aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Bí mo bá ti rí ẹni tó ń bọ̀ tó ń mi orí, ara mi á ti máa gbóná. Ṣùgbọ́n kí ni èmi alára mọ̀? Mo máa ń wá ní ọjọ́ ọjà Ṣakẹ́tẹ́, màá jókòó tì í, màá bi í bó ṣe sùn, yóò ní dáadáa ni, màá padà sí Pobẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo àìsàn ọpọlọ ní Àjàṣẹ́. Mo gbọ́dọ̀ yin àna mi yìí: ọlọ́jà ni, kò ní sùúrù fún ẹni tó bá ń nájà gígùn, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù fún aya rẹ̀. Dókítà pe orúkọ àìsàn náà ní Faransé. Ní èdè tiwa, mo lè pè é ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì kéré sí i. Ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ń retí nǹkan tí kò dé. Àbúrò mi kò retí nǹkan kan mọ́.

Oògùn àkọ́kọ́ mú un sùn tọ̀sán tòru. Wọ́n yí i padà. Èkejì gbẹ ẹnu rẹ̀, ó sì mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n débi pé kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta mú un sanra. Inú ìyá mi dùn sí sísanra yẹn, ó ń fi han àwọn ènìyàn, ó ní ara ọmọ òun ti ń yá. Ara rẹ̀ kò yá rárá. Ó kàn sanra ni.

Ìgbà tí oògùn kẹta kò ṣe nǹkan kan ni dókítà Àjàṣẹ́ sọ fún wa nípa ẹ̀rọ náà. Ó ní ó wà ní Kútọnu, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ni, pé òòfà tó ń fa irin ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó fi ọwọ́ ya á fún wa lójú afẹ́fẹ́: wọ́n á gbé òòfà yẹn ti ẹ̀gbẹ́ iwájú orí, yóò máa dún, yóò máa dákẹ́, agbára rẹ̀ yóò gba ara egungun orí kọjá láìdá ihò sí i, yóò máa ta apá ibi tó ti kú tipiri nínú ọpọlọ jí. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí abẹ, wọn kò ní mú un sùn. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ti rí ẹni tó tipasẹ̀ rẹ̀ dìde.

Òòfà! Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òòfà nílé wa. Ohun tí ọkùnrin ń wá láti fi fa obìnrin ni. Nígbà tí a délé tí a sọ ọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní ṣé ó tún ku ọkùnrin tí ìyàwó ọmọ òun fẹ́ fà ni? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni ohùn kan ti jáde láti orí ẹní.

“Ẹ mú mi lọ.”

Àbúrò mi ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó dìde fúnra rẹ̀, ó tún un sọ. “Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yẹn. Ẹ mú mi lọ.” Láti ọdún kan, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ kó ní òun fẹ́ nǹkan kan, ìbáà ṣe omi.

Èmi, òun àti ọkọ rẹ̀ la wọ táksì lọ sí Kútọnu. Dókítà tó ni ẹ̀rọ náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ọmọ ìhà àríwá lọ́hùn-ún. Kò gbọ́ Gun, kò gbọ́ Fọ̀n, Yorùbá ká má ì tíì wí. Faransé nìkan la lè fi bá a sọ̀rọ̀, àbúrò mi kò sì gbọ́ ju Faransé ọjà lọ. Àna mi gbọ́ ọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ní èmi ni kí n máa túmọ̀.

“Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ọkọ lásán ni mí.”

Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ lórí àga rẹ̀. Bí ó ṣe jókòó báyẹn, ó ń gbọ́ Faransé dókítà, ó ń gbọ́ Yorùbá mi, kò sí èyí tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà hàn wá. Àga ńlá kan ni, tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì bí àga onífárí, pẹ̀lú ọwọ́ irin kan tó gbé nǹkan pẹlẹbẹ dúró lókè, tó rí bí àkàrà méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó ní ta ló fẹ́ kí òun fi hàn lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ mi. Ó gbé nǹkan náà lé apá mi, ó tẹ bọ́tìnnì, ó dún tó! bí ẹyẹ àkókó ṣe ń sọ igi, àtàǹpàkò mi sì fò sókè fúnra rẹ̀. Èmi kò rán an níṣẹ́. Ó tún un ṣe, ìka tún fò. Mo pariwo.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ó jáde láti imú, ó tán. Àna mi dìde, ó ní òun fẹ́ wo ojú fèrèsé, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó yíjú padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà mú ìwé kan jáde tó kún fún ìbéèrè. Ó ní òun gbọ́dọ̀ bi í tán kí òun tó lè fún un ní ọjọ́. Ṣé irin kankan wà nínú orí rẹ̀? Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní rárá. Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́kàn rí? Rárá. Ṣé ó lóyún? Rárá. Ọwọ́ dókítà ń sáré lórí ìwé.

Ìbéèrè tó kàn bọ́ sí mi létí bí òkúta. Dókítà ní ṣé wárápá ti mú un rí, tàbí ohunkóhun tó jọ ọ́, láti kékeré títí di ìsinsìnyí.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níbí kí n ṣàlàyé. Nílẹ̀ wa, kí ìdílé kan tó fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ìdílé mìíràn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọ́n á rán àgbà méjì lọ sí àdúgbò ìyàwó, wọ́n á máa bèèrè wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun mẹ́ta ni wọ́n sì ń wá: ẹ̀tẹ̀, wèrè, wárápá. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, wọ́n á kí yín dáadáa, wọ́n á padà sílé, ẹ kò ní rí wọn mọ́. Kì í ṣe ọmọ náà nìkan ló kàn. Àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ tí yóò bí, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú orúkọ yẹn. Nígbà tí àwọn àgbà méjì láti Ṣakẹ́tẹ́ wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti bèèrè káàkiri Pobẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Mo gbé àga fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní ṣé nǹkan kan wà tí ó yẹ kí àwọn mọ̀? Mo wo ojú wọn. Mo ní kò sí.

Ó wà. Nígbà tí àbúrò mi wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ní abúlé oko wa ní ìhà ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, níbi tí aládùúgbò tó sún mọ́ wa jù ti jìnnà tó ìrìn wákàtí kan, ó ṣubú. Ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí sókè, ìfófòó jáde lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú kó má baà máa gbá ilẹ̀. Bàbá mi ṣe ohun tí àwọn àgbà ń ṣe nígbà náà, ó gbé e, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́bàá iná kó lè jí. Ó jí. Ó tún ṣubú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún òjò méjì, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Àwa mẹ́ta tí a rí i, bàbá mi, ìyá mi àti èmi, a kò tún pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ní ká má pè é.

Mo wà níwájú dókítà báyìí, àna mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti gbọ́ ìbéèrè náà ní Faransé. Mi ò lè pe wárápá fún àbúrò mi lójú ọkọ rẹ̀. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Wọ́n ní ṣé o ti ṣubú rí, tí o ò mọ ara rẹ?”

Àbúrò mi wo ojú mi. Ó pẹ́ tí kò tíì wo ojú mi bẹ́ẹ̀.

“Rárá,” ó ní. “Kò ṣẹlẹ̀ rí.”

Mo sọ fún dókítà pé rárá. Mo rò pé ọmọ náà kò rántí ni. Ta ni yóò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí kò mọ ara rẹ̀? Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún wa ní ọjọ́, ọjọ́ Ajé tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé. Ìbátan àna mi kan ní yàrá kan ní Kútọnu tí àbúrò mi lè máa sùn sí.

Ẹ bá mi wo ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi tú irun rẹ̀, torí dókítà ti sọ pé kí orí rẹ̀ wà lófo. Ó wẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wá, ó sì ń fi èédú sàmì sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lọ. Ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí mo wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló dìde bu omi fún mi. Ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń dà sílẹ̀, ó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò lè mu ún. Mo di ife yẹn mú títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ti wo inú fóònù mi, ẹ ò rí i. Mo ti jókòó láàrin àwọn ọmọ ọ̀pẹ mi ní ọ̀sán gangan, mo ti ka ohun tí wọ́n kọ ní Faransé nípa ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kì í sábà ṣe ènìyàn ní ibi, pé orí fífọ́ ni ọ̀pọ̀ ń rí, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹlòmíràn ṣubú, kó máa gbọ̀n, àgàgà ẹni tí irú rẹ̀ bá ti mú rí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí mo di orí rẹ̀ mú. Bí mo bá dákẹ́, mo lè pa á. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè má gbé ẹ̀rọ náà lé e mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jò dé ilé ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ yóò kó ẹrù rẹ̀ síta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà kẹta kò sí. Mo wá a títí, mi ò rí i.

Mo lọ bá ìyá mi lóko. Ó jókòó, ó ń pa èkùrọ́ lórí òkúta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dáwọ́ dúró.

“Ó ti dá,” ó ní. “Ó ti tó ọdún mélòó?”

“Ẹ̀rọ náà lè jí àìsàn náà padà, Ìyá.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn dókítà ló kọ ọ́.”

“Dókítà mọ ọmọ mi jù mí lọ, àbí?” Ó fọ́ èkùrọ́ kan. “Bí nǹkan yẹn bá jáde lẹ́nu rẹ, wọ́n á dá a padà fún mi. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń dàgbà. Ṣé ìwọ lo máa fẹ́ ẹ?”

“Bó bá kú sórí àga yẹn ńkọ́?”

Ó dáwọ́ dúró nígbà náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo òkúta náà. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, bóyá ju èmi lọ.

“Olúwa ò ní jẹ́,” ó ní. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èkùrọ́. “Àrẹ̀mọ mi, o ò wá síbí lónìí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ.”

Mo pe dókítà ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúró lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí ibi iṣẹ́ wa kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Mo sọ fún un pé mo purọ́. Ó wá ń bi mí: ẹ̀ẹ̀melòó? Ṣé ara rẹ̀ máa ń gbóná kó tó ṣubú? Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó jí? Kí ni mo mọ̀? Ta ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ara gbígbóná nínú oko wa? Mo ní mi ò mọ̀, mi ò mọ̀, ó pẹ́ lójú mi.

Ó ní níbi tí wọ́n bá ti ní irin iṣẹ́ ju tòun lọ, wọ́n lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì rò ó bóyá ó ṣeé ṣe. Ó ní ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan, bó bá ṣubú tí kò sì jí, òun kò ní ohun tí òun yóò fi gbà á. Òun kò lè gbé e lé e lórí. Ó ní yóò kọ̀wé sí dókítà Àjàṣẹ́ kí wọ́n wá oògùn mìíràn fún un. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kórìíra ọpẹ́ náà títí di òní.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dù ú padà. Mo ní bóyá mi ò rántí dáadáa. Mo ní bóyá ibà lásán ni. Mo ní ọmọdé ni èmi náà nígbà náà. Ó fetí sí mi pẹ̀lú sùúrù, ó ní òun kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí òun ti gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ìdí rẹ̀ fún àna mi. Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í kúrò lọ́wọ́ òun, pé òun yóò kàn sọ pé kò bá a mu. Ó pa fóònù rẹ̀. Mo padà sídìí àwọn ọmọ ọ̀pẹ, mo ń bomi rin èyí tí mo ti bomi rin láàárọ̀.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àna mi pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò bá a mu.” Ohùn rẹ̀ fẹ́ já. “Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ ràndevú, wọ́n ti bi wá ní gbogbo ìbéèrè. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Irú orí wo ló bá a mu?”

“Èmi náà ò mọ̀,” ni mo wí.

“Ẹ̀yin lẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi pè wọ́n.”

Mo ní màá pè wọ́n. Lẹ́yìn ti abẹ́ igi máńgòrò, ìgbà kejì nìyẹn tí mo purọ́ fún ọkùnrin kan náà tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí Ṣakẹ́tẹ́. Mo ti to ohun tí mo fẹ́ sọ lójú ọ̀nà, lórí ọ̀kadà, pé ẹ̀rọ mìíràn yóò wà, pé oògùn tuntun ń bọ̀. Àna mi ti lọ sí ọjà. Àbúrò mi wà nínú yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì ìrìn-àjò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti di aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sínú rẹ̀. Ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ ra ọṣẹ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà jìnnà ló tó yíjú sí mi.

“Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Èmi ṣe kí ni?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn.”

Gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ tú ká. Mo jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀.

“Ta ló wí fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó wí fún mi. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ mọ̀. Bàbá ti lọ. Ìyá ò ní sọ ọ́ láéláé.”

“O mọ̀?” mo ní. “O rántí?”

“Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ki sẹ́bàá iná. Kì í ṣe ẹsẹ̀ yín.”

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kó pariwo. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní rárá nígbà tí dókítà bi í, ṣé kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà lè mú un ṣubú, pé ó lè kú sórí àga yẹn ni?

“Mo mọ ìdí tí wọ́n fi bi mí. Mo rí ojú yín.” Ó mú etí báàgì náà, ó fi sílẹ̀. “Bí mo bá ṣubú, mo ṣubú. Mo ti ṣubú rí, mo dìde. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ yìí, mi ò tíì dìde níbẹ̀.”

“Mi ò fẹ́ kó o kú ni.”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n.” Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. “Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí. Láti ọdún kan, gbogbo yín lẹ ń bèèrè pé kí ni mo fẹ́ jẹ, kí ni mo fẹ́ mu, mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mo wá fẹ́ ẹyọ kan. Èmi ni wọ́n bi, èmi ni mo sì dáhùn. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ò ju kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.”

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni bàbá. Mo fẹ́ sọ pé màá wá ọ̀nà mìíràn, mo sì mọ̀ pé mi ò mọ ọ̀nà kankan. Ó ní kí n bá òun kó àwọn aṣọ náà padà sínú àpótí tí mo jókòó lé, torí ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Mo dìde, mo ṣí báàgì náà, mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ká wọn, mo ń tò wọ́n. Òun sì dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.